Nọ́ńbà Tí Mo Kà fún Òkú

Ọjọ́ tí òkú pè mí lórí fóònù kò jẹ́ kúrò lọ́kàn mi láé. Ṣùgbọ́n kí n tó di ẹ̀bi ru òkú, tàbí olè tó gbé ohùn òkú wọ̀, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé tèmi kalẹ̀. Èmi ni mo fẹnu ara mi sọ gbogbo ohun tí olè náà nílò fún un. Kò já ilẹ̀kùn, kò gba ojú fèrèsé wọlé. Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn, tí mo fún un ní àga, tí mo tún bi í pé ṣé ibi tó wà kò tutù jù.

Káfíńtà òrùlé ni mí. Ìwé mi ò jìnnà; nígbà tí owó ilé ẹ̀kọ́ di ìjà láàárín bàbá mi àti ìyá mi, wọ́n fà mí lé Ọ̀gá lọ́wọ́ ní Ìkọ̀gòsì. Ọ̀gá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí a bá ń kan òrùlé, òkè lòun máa ń wà, èmi a wà nílẹ̀. Á di orí tépù mú lọ́hùn-ún, ìdí rẹ̀ á wà lọ́wọ́ mi. N kì í sábà rí i nítorí igi àti páànù á ti bò ó. Ohùn rẹ̀ nìkan ni màá gbọ́ láti òkè pé, "Kà á." Màá wo tépù, màá ní, "Fíìtì mọ́kànlá, íǹṣì mẹ́ta." Òun náà á sọ ọ́ padà pé, "Mọ́kànlá, mẹ́ta," ká tó fi ayùn kan igi. Ọmọ iṣẹ́ kì í béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi nọ́ńbà ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo béèrè, ìṣó kan sì já bọ́ láti òkè, ó bà mí láàárín orí. Títí di òní n kò mọ̀ bóyá ó ṣèèṣì ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé láti ìgbà náà, bí mo bá ti gbọ́ "Kà á", ẹnu mi ló máa ń ṣáájú ọpọlọ mi.

Ọ̀gá kú nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ń parí lọ. Orí ọ̀kadà ló jókòó sí lọ sí ọsibítù, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, wọ́n sì gbé e jáde. Adó ni mo wà níbi iṣẹ́, n kò bá a. Ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ni a sin ín sí. Èrò pọ̀ lọ́jọ́ náà, nígbà tí gbogbo rẹ̀ sì rọlẹ̀, a wá fóònù Ọ̀gá tì. Bàbá kan tó wà lára àwọn tó wọṣọ fún òkú wá búra pé nǹkan líle kan kan òun lọ́wọ́ nínú àpò kóòtù rẹ̀, pé ó ní láti jẹ́ pé fóònù náà ló bá a lọ. Màmá, ìyẹn ìyàwó Ọ̀gá, pe nọ́ńbà náà. Ó ń dún létí rẹ̀, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ọ kó dún níbì kankan nínú ilé. Mo rí àwọn àgbàlagbà méjì tí wọ́n rọra ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ẹni rẹ̀ kú a máa bá a sọ̀rọ̀ létí sàréè. Màmá kì í fi ti àárọ̀ jáfara, á kí ọkọ rẹ̀, á ro ẹjọ́ ewúrẹ́ wọn tó lóyún fún un. Ojú máa ń ti èmi láti ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú rẹ̀. Ọgbọ́n tí mo wá dá, tí mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́n tó mi, ni pé mo ń tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Ọ̀gá. "Ọ̀gá, mo gba iṣẹ́ kan ní Ẹ̀fọ̀n." "Ọ̀gá, wọ́n ti gbówó lé ìṣó o." Àmì kan ṣoṣo ló máa ń hàn lábẹ́ wọn, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ mi ṣùgbọ́n kò tíì dé ibi tó ń lọ. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀nà jìn.

Lẹ́yìn náà ni ìjì kan jà, ó ká ìdajì òrùlé ilé Ọ̀gá lọ. Àbùkù gbáà ni fún ilé káfíńtà. Màmá ta kòkó, àwọn ọmọ rẹ̀ fi díẹ̀ kún un, ó sì ní kí wọ́n san gbogbo rẹ̀ sínú àkáǹtì mi ní báńkì, nítorí ẹni tó ń ta páànù fún wa ní Arámọkọ a máa dín in fún káfíńtà. Kò mú ìwé kankan wá pé kí n fọwọ́ sí. Ó kàn ní, "Ìwọ ni ó mọ bó ṣe kan ulé yìí." Inú mi dùn débi pé mo tẹ gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀gá: pé owó ti pé, pé ọ̀dọ̀ mi ló wà, pé ìdajì tó kù ti jẹrà, gbogbo rẹ̀ la máa ṣí, pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ lọ ra páànù. Nọ́ńbà àkáǹtì mi ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, torí ibẹ̀ náà ni mo ti máa ń fi ránṣẹ́ nígbà tó bá fẹ́ san owó iṣẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo wo fóònù, mo rí i pé àmì kan náà ti di méjì. Bí mo ti ń wò ó lọ́wọ́, méjèèjì yí àwọ̀ padà di búlúù. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ẹni tó kú láìtọ́jọ́, pé a máa lọ tẹ̀dó sí ìlú mìíràn, á máa ṣiṣẹ́, á máa jẹun, wọ́n a sì máa pè é ní àkúdàáyà. Wọ́n ní bí o bá rí i, tí o sọ fún un lójú pé ó ti kú, á pòórá, o ò sì ní rí i mọ́. Ọlọ́gbọ́n ènìyàn ì bá ronú pé ẹnì kan ló jí fóònù náà nínú èrò ọjọ́ òkú. Èmi ronú pé kí n má ṣe sọ ohun tó máa mú Ọ̀gá pòórá.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wà lórí òrùlé ilé tuntun kan ní ojú ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n. Ilé kejì jìnnà síbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n kùrukùru ṣì jókòó sórí òkè bí ẹni ń ṣọ́ nǹkan, ẹyẹ kankan kò ké. Fóònù mi dún. Mo wò ó. "Ọ̀gá mi" ni wọ́n kọ síbẹ̀, àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó máa ń tẹ̀ ságbárí sì ń wò mí.

Mo gbé e. Ẹ̀fúùfù ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn kan tó ha, tó rẹlẹ̀, sọ pé, "Ṣé o ti gbàgbé mi ni?"

Ìkíni ló kọ́kọ́ dà mí láàmú. N kò mọ bí wọ́n ti ń kí òkú nírọ̀lẹ́, ká má tíì sọ lọ́sàn-án. "Ẹ kú iṣẹ́" kọ́, "ẹ kú ilé" kọ́. Mo ní, "Ẹ kú ibẹ̀ yẹn, sà."

Ó ní, "O ṣeun."

Mo bi í pé ṣé ibẹ̀ kò tutù. Ó ní ó tutù díẹ̀. Mo ní ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní ibi tí òun wà jìn. Mo rántí ohun tí wọ́n máa ń sọ fún òkú pé kó má jẹ ọ̀kùn, kó má jẹ ekòló, mo sì fi ọ̀wọ̀ bi í bóyá oúnjẹ tí wọ́n ń fún un bá a lára mu. Ó dákẹ́, ó sì pẹ́ gan-an. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Lónìí, mo gbà pé ńṣe ni olè náà ń di ẹ̀rín mọ́ra, tàbí kí ẹ̀rù ti máa ba òun náà, torí kò jọ pé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́ rí.

Ìgbà tó máa sọ̀rọ̀, páànù ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ó mọ̀ pé owó ti pé. Ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló wà. Mo bi ara mi pé ta ló tún lè mọ̀ bí kì í bá ṣe Ọ̀gá? Mo ti gbàgbé pátápátá pé èmi ni mo sọ fún un. Ó ní òun ti rí páànù tó nípọn ju ti Arámọkọ lọ, òun fẹ́ san owó rẹ̀ láti ibi tí òun wà, kí n mú káàdì báńkì mi jáde.

"Ó wà lọ́wọ́ mi, sà."

"Kà á."

Ẹ̀yin ará, mo kà á. Mo ka iwájú, mo yí i padà, mo ka ẹ̀yìn, mo ka nọ́ńbà àṣírí tí mo fi ń gbowó lẹ́nu ẹ̀rọ. Ká ní wọ́n kọ orúkọ ẹni tó ṣe káàdì náà sí i ni, ǹ bá kà á pẹ̀lú. Láìpẹ́, báńkì fi àwọn nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Wọ́n kọ òyìnbó sábẹ́ rẹ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní òṣìṣẹ́ báńkì pàápàá. Mo gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Mo rò ó dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé ènìyàn ni wọ́n ní kí n má sọ fún, Ọ̀gá kì í sì í ṣe ènìyàn mọ́.

"Kà á."

Mo kà á, mo sì dúró kó sọ ọ́ padà. Kò sọ ọ́ padà. Nǹkan kan rìn gba ẹ̀yìn ọrùn mi kọjá. Ọ̀gá tí mo mọ̀ kò jẹ́ gba nọ́ńbà kó má sọ ọ́ padà, kódà nígbà tí ibà ń ṣe é. Mo fẹ́ béèrè. Àtàrí mi rántí ìṣó. Mo sọ fún ara mi pé kò sí igi tí wọ́n fẹ́ gé lọ́run, kò sídìí fún un láti ṣàyẹ̀wò. Nígbà tí nọ́ńbà kejì wọlé, mo ka ìyẹn náà, n kò tiẹ̀ dúró.

Ó wá ní kí n máa lọ sílé òun, kí n ṣí ìyókù òrùlé sílẹ̀, páànù á dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó ní kí n pa fóònù mi, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi."

Nígbà ayé rẹ̀, Ọ̀gá kò pè mí ní ọmọ mi rí. Mo sunkún lórí òrùlé onílé. Mo rò pé ikú ti rọ ọkàn rẹ̀.

Nígbà tí mo dé Ìkọ̀gòsì, Màmá ti wọṣọ ìpàdé àwọn ìyá ìjọ. Ó bi mí bóyá páànù ti dé.

"Ó ń bọ̀, Màmá."

"Ta ló ń gbé e bọ̀?"

"Ẹni tí ẹ mọ̀ dáadáa ni."

Ó wò mí títí. "Àwọn wòlíì ni wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ báyẹn, kì í ṣe káfíńtà. Má jẹ́ kí òjò pa mí sí ulé o." Ó lọ.

Mo gun òkè. Bí mo bá ti ṣí páànù kan, màá gbé e sókè sí ibojì kí Ọ̀gá lè rí i pé mo ń ṣe bó ti wí. Nígbà tí mo ká èyí tó wà lórí yàrá rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ já wọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé látìgbà tó ti kú. Ṣòkòtò kákí rẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́ wà lórí ìṣó lára ògiri. Atẹ́gùn wọlé, ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń rìn bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí igi àjà. Mo ní, "Ẹ káàbọ̀, sà."

Ilé ṣí tán, kò sí ọkọ̀ páànù. Ọkọ̀ tó bá dún lọ́nà, màá na ọrùn: ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, tàbí ti yanrìn. Ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú láti ìhà Ẹ̀fọ̀n. Ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, mo tan fóònù. Ìròyìn owó tó ń jáde bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé tẹ̀ lé ara wọn bí ìṣó tó dà sílẹ̀ láti inú agolo. Mo pe bàbá tó ń ta páànù ní Arámọkọ.

Mo ní, "Bàbá, ṣé Ọ̀gá mi ti wá sanwó lọ́dọ̀ yín?"

"Ọ̀gá wo?"

"Ọ̀gá mi, sà."

"Ṣé èyí tí a jọ sin?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá náà mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, níbo lo jókòó sí? Sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ jẹ́jẹ́."

N kò rí ààyè sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Òjò dé. Mo fẹ́ yára kó àwọn páànù àtijọ́ padà sókè, mo to díẹ̀ láìkàn án mọ́lẹ̀, atẹ́gùn ká wọn bí ìwé. Ẹsẹ̀ mi yọ̀. Igi àjà gbá mi ní ṣòkòtò mú, mo sì rọ̀ dirodiro sáàárín yàrá Màmá, òjò ń lù mí níwájú, ó ń lù mí lẹ́yìn. Bí Màmá ṣe bá mi nìyẹn nígbà tó sáré dé. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lábẹ́ mi, omi ti kún orí rẹ̀. Nínú yàrá kejì, a gbọ́ ìró kan tó rọra dún gììrì. Ògiri amọ̀ yàrá Ọ̀gá ló gba omi, tó sì wó lápá kan.

Màmá gbé àkàbà wá, ó gbé e tì mí lẹ́sẹ̀. Abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ aládùúgbò ló ti bi mí pé ta ló ní kí n ṣí ilé.

"Ọ̀gá ni, Màmá."

Mo rò pé á gbá mi létí. Kò gbá mi. Ó jókòó. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, títí dórí ọ̀rọ̀ ekòló. Nígbà tí mo parí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ débi pé òjò fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó.

"Ṣé ó béèrè mi?"

Mo rí ojú rẹ̀. Irọ́ wà lẹ́nu mi, irọ́ dídùn, ó ku kí n gbé e jáde. Ṣùgbọ́n mo ti bà á nílé jẹ́ tó fún ọjọ́ kan.

"Rárá, Màmá."

"Ewúrẹ́ ńkọ́? Ṣé ó béèrè bóyá ewúrẹ́ ti bí?"

"Kò béèrè, Màmá. Nọ́ńbà nìkan ló ní kí n máa kà."

Ó mi orí. "Nígbà tí èémí rẹ̀ ń já ní ọsibítù, ewúrẹ́ yẹn ló ń béèrè lọ́wọ́ mi. Olè ló pè ọ́." Ó fi ìbòrí nu ojú. "Àbí o rò pé bí ọkọ mi bá rí fóònù pè, ìwọ ni ó máa kọ́kọ́ pè?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, bíi tèmi.

Ọjọ́ Ajé, mo wà ní báńkì ní Ìjerò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Obìnrin tó dá mi lóhùn béèrè ẹni tí mo ka nọ́ńbà fún. Mo ní, "Òkú ni, mà." Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi kúrò lórí ìlà. Obìnrin náà fojú pamọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Nígbà tó gbójú sókè, ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi. Ó ní kí n má pa fóònù ni ì bá ti dáa; ìṣẹ́jú tí ọkàn mi kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ ló yẹ kí n pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì, kí wọ́n ti àkáǹtì pa. Ó ní nọ́ńbà tí báńkì bá fi ránṣẹ́, ojú nìkan ni wọ́n fi ń kà á. Ó tún ní ẹni tó bá kú, kí ará ilé rẹ̀ yára lọ ti láìnì rẹ̀ pa, torí orúkọ tó bá hàn lójú fóònù kò ní kó jẹ́ ẹni náà ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gba ẹjọ́ mi sílẹ̀. Owó náà ti lọ. Mo fúnra mi tẹ̀ lé Màmá lọ ti láìnì Ọ̀gá pa, ó sì dà bí ìgbà tí a tún sin ín lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò le. Ẹni yòówù tó bá ní kí o ka nọ́ńbà báńkì fún òun, ì báà jẹ́ ọ̀gá, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà pè ọ́ ní ọmọ rẹ̀, má kà á. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ ní tòótọ́, nǹkan mìíràn wà tí ó máa kọ́kọ́ béèrè. Àwọn káfíńtà ẹgbẹ́ mi ti gbọ́. Bí mo bá gun òkè báyìí, wọ́n a máa bi mí láti ìsàlẹ̀ pé ṣé kò tutù níbẹ̀. Èmi náà a máa rẹ́rìn-ín, torí bí n kò bá rín in, kí ni màá ṣe?

Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń fi owó iṣẹ́ mi ra páànù. Mo ti bo pálọ̀, mo ti bo yàrá Màmá. Yàrá tí ògiri rẹ̀ wó ló kù. Màmá ò fi pè mí lẹ́jọ́, kò sì bi mí rí pé ìgbà wo. Ó kàn ti ilẹ̀kùn ibẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ tí mo sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀, àwa méjèèjì la jọ máa ń gbọ́ bó ṣe ń dà sórí ilẹ̀ inú yàrá náà, Màmá á sì bu oúnjẹ fún mi. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè òrùlé yàrá kan.